Ọjọ́ Tí Olùwọ̀n Dákẹ́

“Mí sínú.”

Orímisàn mí sínú.

“Dá a dúró.”

Ó dá a dúró. Iṣẹ́ rẹ̀ ni èyí jẹ́. Aṣọ́gìrì ni. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n ti hù lágbọ̀n rẹ̀ ni ó ti ń so òkúta mọ́ ẹsẹ̀, tí ó ń rì lọ sí ìdí ògiri ìlú Orí-Ìgbì láti dí ibi tí òkun bá ti lù ú. Ẹni tí kò bá lè dá èémí dúró kì í ṣe aṣọ́gìrì. Ṣùgbọ́n lónìí, nínú yàrá funfun ọkọ̀ ojú omi ìwòsàn yìí, láìsí omi lórí rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ń lù kì-kì-kì bí ẹni pé òkun ti rí ihò gbà wọlé.

“Mí síta.”

Olùwọ̀n kì í kí ènìyàn. Kò mọ àgbà, kò mọ ọmọdé. “Ìwọ” ni ó ń pe gbogbo ayé. Ẹ̀rọ ni, òpó dúdú kan, ó ga tó ènìyàn, ó dúró gbagidi sí àárín yàrá, kò lójú, kò lẹ́nu. Ó ti gbé àwòrán inú àyà Orímisàn sáfẹ́fẹ́ níwájú rẹ̀, àwòrán náà ń tàn bí àtùpà. Egungun ìhà rẹ̀ nìyẹn. Ọkàn rẹ̀ nìyẹn, ó ń fò sókè sódò bí ẹja inú àwọ̀n. Lẹ́yìn egungun àyà, níbi tí ọ̀nà èémí ti ń sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀fun, ohun kan jókòó tí kì í ṣe ti ibẹ̀. Ó rí roboto. Kò mì.

Kókó náà nìyẹn.

Fẹ́hìntọ́lá ìyàwó rẹ̀ wò ó, ó gbé ojú kúrò.

“Ó ti tó ẹyin pẹ́pẹ́yẹ,” ni ó wí.

“Ẹyin adìẹ ni, mà,” ni dókítà dáhùn. “Ìwé tí mo bá nílẹ̀ ní ẹyin àdàbà ni lọ́dún tó kọjá.”

“Ẹyin ẹyẹ wo ló kàn? Ẹ sọ fún wa ká lè máa retí rẹ̀.”

Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìbídùnní ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ṣakí, ọmọ orí òkè. Àkókò òjò yìí ni ó kọ́kọ́ bá ọkọ̀ ìwòsàn wọ Orí-Ìgbì. Lójoojúmọ́ tí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀ sí ìlú, tí omi bá gbé e díẹ̀, yóò di ògiri mú. Àwọn ọmọ ìlú ti ń sín in jẹ.

“Ṣé ò ń wúkọ́?” ni Olùwọ̀n bèèrè.

“Rárá.”

“Ṣé oúnjẹ ń há ọ lọ́fun?”

“Rárá.”

“Ṣé èémí rẹ ti há rí nígbà tí o dùbúlẹ̀?”

“Kò há rí.”

Òótọ́ ni ó sọ. Kò fi ohun kankan pamọ́ níbẹ̀.

Àwòrán náà yí po, ó fi ẹ̀yìn hàn, ó fi ìhà hàn. Orímisàn ń wo ìdí òpó náà. Láti àárọ̀ ni ó ti ń bẹ Ọlọ́run fún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kò sì bẹ̀ ẹ́ sókè, nítorí ìyàwó rẹ̀ wà nítòsí.

“Dúró,” ni Olùwọ̀n wí. Iná búlúù tàn ní ìdí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí Orímisàn ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn: kí a má gé e.

“Ẹ kú oríire, bàbá,” ni Ìbídùnní wí. “Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Abẹ́rẹ́ ti bu díẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, wọ́n ti wò ó dáadáa. Kókó tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, a kì í sáré sí i. À ń wò ó bóyá ó ń yára dàgbà, bóyá ó ń fún ohun tó wà nítòsí rẹ̀ mọ́lẹ̀, bóyá ó ń ni olúwa rẹ̀ lára. Tiyín ń dàgbà, àmọ́ ó ń fà díẹ̀díẹ̀. Kò tíì fún ohunkóhun. Kò sì ni yín lára. Àlejò jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. A kì í torí àlejò jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ wó ilé.”

“Bí àlejò bá wá fẹ́ gbé ìyàwó síbẹ̀ ńkọ́?” ni Fẹ́hìntọ́lá bèèrè.

“Ìgbà yẹn la óò lé e, mà. Níwọ̀n ìgbà tí iná yìí bá ń tàn, èmi gan-an kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀bẹ.”

Orímisàn wọ ẹ̀wù rẹ̀. Ó ń kánjú, ó ń ṣi bọ́tìnnì dè. Láti ojú fèrèsé ó rí ògiri ìlú, ó rí ẹnubodè tí ọkọ̀ ìwòsàn yóò gbà jáde kí omi tó fà. Ọkọ̀ náà kì í wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, nígbà tí òjò bá gbé omi ga tó láti gba ẹnubodè kọjá. Ó fẹ́ kí ó tètè lọ. Ó fẹ́ kí ó lọ kí ẹnikẹ́ni tó tún bi í ní nǹkan.

“Ẹ má rì sómi lónìí,” ni dókítà wí. “Tí ẹ bá délé, ẹ jẹun, kí ẹ dùbúlẹ̀, kí ẹ sinmi.”

Fẹ́hìntọ́lá bú sẹ́rìn-ín.

“Dùbúlẹ̀ ké? Ẹ fẹ́ kí n sin ín ni?”

“Kí ló dé?”

“Dókítà, òkú nìkan ló ń dùbúlẹ̀ nílùú wa.”

Ìbídùnní rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Òun náà rẹ́rìn-ín. “Báwo wá ni ẹ ṣe ń sùn?”

“Orí àga oorun. Ẹsẹ̀ wà nílẹ̀, okùn orí ń rọ̀ láti àjà, a ó gbé àgbọ̀n lé e. Alẹ́ tí òkun kọ́kọ́ wọlé, àwọn tó sùn sórí ẹní kò jí. Àwọn tó ń tòògbé níjòókòó, omi kan wọ́n lẹ́sẹ̀, wọ́n dìde. Àwọn yẹn ló bí wa. Ẹní kò sí nílé ẹnikẹ́ni ní Orí-Ìgbì.”

“Gbogbo yín?”

“Àtọmọ ọwọ́.”

“Àwọn aláìsàn ńkọ́?”

“Wọ́n ń jókòó ṣàìsàn.”

“Tí obìnrin bá ń rọbí?”

“Ìkúnlẹ̀ la fi ń bímọ. Ohun tó kù, dókítà, ẹ má bi mí níwájú Olùwọ̀n. Ẹ̀rọ yẹn kì í gbàgbé ọ̀rọ̀.”

Ìbídùnní ti fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. Ó yíjú sí Orímisàn, ó sì jọ pé ojú rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn.

“Bàbá. Ìgbà wo ni ẹ dùbúlẹ̀ gbẹ̀yìn?”

“Èmi?”

“Ẹ̀yin.”

“N kò dùbúlẹ̀ rí.”

“Àmọ́ ẹ sọ fún un pé èémí yín kò há rí nígbà tí ẹ dùbúlẹ̀.”

“Kò há rí,” ni Orímisàn wí. Bí ọ̀rọ̀ náà ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ tó gbọ́ ohun tí ó sọ.

Iná búlúù ń tàn ní ìdí òpó, ó mọ́lẹ̀ kedere, kò mọ ohunkóhun.

Dókítà lọ síbi ògiri. Ó tẹ ibì kan, pátákó funfun kan yọ jáde, ó gùn tó ènìyàn, ó tẹ́jú. Orímisàn mọ pátákó náà. Irú rẹ̀ ni wọ́n fi gbé Ọ̀rẹ́tàn jáde nínú ọkọ̀ yìí kan náà ní ọdún tí ìjì wó ilé ìwé. Ọ̀rẹ́tàn ni ó máa ń di okùn rẹ̀ mú tí Orímisàn bá rì. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé torí nǹkan kan tó wú sí i níkùn, ó ń bú àwọn tó sìn ín wá pé kí wọ́n má jẹ ẹja òun tán. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, ó nà gbọọrọ, ó ń wo sánmà.

“Ẹ dùbúlẹ̀ sí i díẹ̀ fún mi.”

“Ẹ má tẹ́ ọkọ mi bí òkú,” ni Fẹ́hìntọ́lá wí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

“Ìyá, ẹ dákun. Ìbéèrè yẹn ló gbé Dúró wá. Ìdáhùn rẹ̀ kò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ mọ̀.”

“Olùwọ̀n ti sọ̀rọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Ohun tí a sọ fún un ni òun náà sọ padà.”

Orímisàn wo pátákó náà. Ó ti rì sí ibi tí ojú kò ti rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹja yanyan ti fi ara kan án lẹ́sẹ̀ rí nínú òkùnkùn, kò sì pariwo. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fẹ́ gbé e dé ìdí pátákó yìí. Ó fipá gbé e. Ó jókòó sí etí rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń gbé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Dókítà fi ọwọ́ ti ẹ̀yìn rẹ̀, ó rọra ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ kan pátákó. Orí rẹ̀ kan án.

Ó rí àjà. Kò tíì fi gbogbo ojú rí àjà rí. Ó jọ pé ó ń bọ̀ wálẹ̀.

“Ṣé èémí há?” ni Olùwọ̀n bèèrè.

Ní àkọ́kọ́, kò há. Ó fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ó ya ẹnu, ó fẹ́ fa atẹ́gùn tí yóò fi sọ ọ́, atẹ́gùn náà dé ọ̀fun, ó dúró. Ó jọ pé ẹnì kan tú òkúta kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì gbé e lé e láyà. Ó tún fà á. Ohun kan dún nínú rẹ̀ bí ìgbà tí ọmọdé ń fun ewé. Ó rí àwòrán náà lókè ojú rẹ̀: kókó ti wó sẹ́yìn, ọ̀nà èémí ti tẹ́ pẹlẹbẹ lábẹ́ rẹ̀ bí ọ̀já tí wọ́n fún gbẹ.

“Ṣé èémí há?”

Ohùn kan náà ni. Kò yára, kò falẹ̀.

Ó fẹ́ dìde, kò sí agbára. Ìmọ́lẹ̀ yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá okùn. Lábẹ́ omi, okùn kan máa ń wà. Ọwọ́ rẹ̀ bá aṣọ pàdé, ìró Fẹ́hìntọ́lá ni, ó gbá a mú, ó fà á, ó tún fà á, ó tún fà á: àmì tí aṣọ́gìrì ń fi pe àwọn tó wà lókè pé kí wọ́n gbé òun.

Kò sí ìyàwó aṣọ́gìrì tí kò mọ àmì yẹn. Fẹ́hìntọ́lá ti gbé apá bọ abẹ́ ìhà rẹ̀ kí dókítà tó mira. Ó fà á sókè bí ẹni fa ẹja ńlá wọ ọkọ̀.

Atẹ́gùn wọlé. Ó wọlé pẹ̀lú igbe. Orímisàn jókòó sí etí pátákó, ó ń mí, omijé àti ikun ń ṣàn lójú rẹ̀, kò nù ún. Kò sí ohun tó dùn tó atẹ́gùn náà láyé yìí.

Ìgbà tí etí rẹ̀ là, ó gbọ́ bí yàrá ti dákẹ́ tó. Ó wo ìdí òpó.

Iná búlúù ti kú.

“Kí ló wí?” ni Orímisàn bèèrè.

Ìbídùnní ń wo ibi tí iná ti kú.

“Kí ló wí?”

“Kò wí nǹkan kan, bàbá.”

“Ẹ ní kó sọ̀rọ̀,” ni Fẹ́hìntọ́lá wí. Ó kọjú sí òpó náà. “Ìwọ! Ṣebí ìwọ ló ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Sọ̀rọ̀!”

“Òfin ti dí i lẹ́nu, mà. Ìgbà kan wà láyé tí ẹ̀rọ ń gé ènìyàn bí ẹni ń rẹ́ ilá, kò sẹ́ni tó lè bi í léèrè. Láti ìgbà yẹn, ó lè ní kí a dúró. Kò lè ní kí a gé. Ẹnu ẹni tó ni ara nìkan ni ìyẹn ti lè jáde. Tí ó bá rí i pé ìdúró léwu, ohun tí ó lè ṣe kò ju kí ó dákẹ́ lọ.”

Orímisàn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo Orí-Ìgbì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ gégùn-ún fún ẹnìkan ní ìdí ògiri, wọn a ní: kí Olùwọ̀n dákẹ́ lórí rẹ.

Fèrè ọkọ̀ dún lókè orí wọn. Ohùn ọkùnrin kan tẹ̀ lé e, ó ń kéde pé omi ti ń yí padà, pé kí ẹni tí kò ní bá wọn lọ máa sọ̀kalẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kí n bi yín,” ni Orímisàn wí. “Mo ti dàgbà tó yìí, n kò dùbúlẹ̀ rí. N kò sì ní in lọ́kàn láti dùbúlẹ̀. Tó bá jẹ́ ìgbà tí mo bá dùbúlẹ̀ ni ó ń fún mi, kí ló kàn mí níbẹ̀?”

Fẹ́hìntọ́lá mi orí kíá. “Ẹ̀n-ẹ́n. Òótọ́ ni.”

Dókítà fa àga, ó jókòó síwájú rẹ̀. “Bàbá, tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti so òkúta mọ́ ẹsẹ̀, báwo ni ó ṣe máa ń rí lára yín?”

Orímisàn wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

“Ó ti pẹ́ tí kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ so ó mọ́,” ni Fẹ́hìntọ́lá wí. “Ó máa ń gbé ẹsẹ̀ lé orí àpótí.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Ojú mi ni. Tí ẹ bá sì bẹ̀rẹ̀ gbé nǹkan nílẹ̀, ojú yín á wú, á dúdú. Ẹ ní iyọ̀ omi ni.”

“Iyọ̀ omi ni.”

“Iyọ̀ omi tó mọ ìgbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀.”

Orímisàn náà ti mọ̀, ó sì ti kọ̀ láti mọ̀. Ìbàdí ni, ó ń sọ fún ara rẹ̀. Ọjọ́ orí ni. Ọbẹ̀ àná ni.

“Lónìí, ìdùbúlẹ̀ ló ń dí i,” ni Ìbídùnní wí. “Ó ń dàgbà. Tó bá tún tóbi sí i díẹ̀, tí ẹ bá fẹ̀yìn ti àga, yóò dí. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ku ìjókòó.”

“Lẹ́yìn ìjókòó ńkọ́?”

Dókítà wo ọwọ́ ara rẹ̀.

“Ìgbà wo lẹ tún ń bọ̀?”

“Òjò tó ń bọ̀. Tí ìgbì bá gbà.”

“Kí n bá yín lọ, kí n máa rò ó lójú ọ̀nà.”

“Ọkọ̀ yìí kì í kó èrò, bàbá. Ẹni tó bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí a gé nìkan ló lè gbé. Tí ẹ bá sọ ọ́, a óò jáde ní ẹnubodè, a óò dúró síbi tí omi ti pa rọ́rọ́, a óò ṣe é kí oòrùn tó wọ̀.”

“Tí ẹ bá ń ṣe é, ṣé n óò dùbúlẹ̀?”

Ìbéèrè tí Ìbídùnní ń retí nìyẹn. Ó mí kanlẹ̀.

“N kò ní tàn yín. Àwọn ẹlòmíràn, oògùn oorun la óò fún wọn, wọ́n á sùn bí òkú, ẹ̀rọ á máa mí fún wọn. Tí mo bá fún yín ní irú rẹ̀, ara yín á dẹ̀, kókó á wó lulẹ̀ sórí ọ̀nà èémí, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè fẹ́ atẹ́gùn gba ibi tó ti dí. Ẹ óò kú kí ọ̀bẹ tó kàn yín. Nítorí náà, ìdajì oorun ni màá fún yín. Ẹ óò wà ní ìjókòó, ẹ óò máa mí fúnra yín. Irin tín-ín-rín yóò gba àárín egungun ìhà wọlé, màá fi tú kókó náà kúrò lára ohun tó so mọ́. Àmọ́ láti fà á jáde, mo gbọ́dọ̀ dà yín sí ẹ̀gbẹ́. Fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà yẹn…”

“Ẹ sọ ọ́.”

“Ìgbà yẹn gan-an ni mò ń rò láti ìgbà tí iná ti kú.”

“Ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí?”

“Mo ti wà níbẹ̀ nígbà tí ọ̀gá mi ṣe é. Ẹni náà yè. Èmi fúnra mi, n kò ṣe é rí.”

Orímisàn fẹ́ràn rẹ̀ torí òótọ́ yẹn, ó sì kórìíra rẹ̀ pẹ̀lú. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

“Kí lo rí sí i?”

“Ẹ má bi mí.”

“Mo ti bi ọ́.”

“Tí mo bá ní kí wọ́n gé e, tí wọ́n bá gbé yín jáde bí Ọ̀rẹ́tàn, ẹnu mi ló pa yín. Tí mo bá ní ká máa lọ sílé…” Ó ń ká etí ìró rẹ̀ mọ́ ìka. “Mo máa ń jí, Bàbá Túmiṣe. Mo máa ń jókòó lórí àga mi, kí n máa gbọ́ èémí yín. Ó ń súfèé. Tó bá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, èmi náà kì í mí títí á fi padà.”

“Láti ìgbà wo?”

“Ó ti pẹ́. Mo rò pé àgbà ló ń dé.”

“O kò sọ fún mi.”

“Ṣé ẹ̀yin sọ fún mi?”

Fèrè tún dún. Ilẹ̀ ọkọ̀ mì. Wọ́n ti ń tú àwọn okùn iwájú. Ìbídùnní di etí tábìlì mú.

Orímisàn wo ògiri ìlú láti ojú fèrèsé. Ó mọ gbogbo ara rẹ̀. Ibi tó ti sán wà lára ògiri náà tí ó ti ń ṣọ́ láti ìgbà èwe, tí kò fọwọ́ kàn, nítorí ẹni tó bá fi irin tọ́ irú rẹ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ wó ògiri. Kò sí ìtìjú nínú ṣíṣọ́. Ṣùgbọ́n sísán tó bá gbẹ nígbà tí omi rọlẹ̀, tí ó sì ń sun omi nígbà tí ìgbì bá gbé ara lé e, kò sí aṣọ́gìrì tó ń fi irú rẹ̀ sílẹ̀ di òjò mìíràn. Ó lè kú níbi tó ti ń dí i. Ó mọ àwọn tó kú bẹ́ẹ̀. Wọ́n rì lọ síbẹ̀ náà ni.

Ìgbì ti gbé ara lé tirẹ̀ lónìí, ó sì rí i pé ó sun omi.

“Màá sọ ọ́,” ni ó wí.

Fẹ́hìntọ́lá lọ sí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, ó ké sí obìnrin kan ní èbúté pé kí ó bá òun wo iná, kí ó ní kí Túmiṣe má fi ilé sílẹ̀. Nígbà tí ó padà wá, wọ́n ti gbé àtẹ̀gùn ọkọ̀ kúrò lẹ́yìn rẹ̀.

Ilẹ̀kùn yàrá ọ̀bẹ kò ní ọwọ́. Irin ni, ó tutù. Dókítà ní kí ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e.

“Kí ni o fẹ́?” Olùwọ̀n ti fọhùn. Láti inú ilẹ̀kùn ni ó ti ń bọ̀ báyìí.

“Gé.”

“Ta ni ó gbọ́ ọ?”

“Èmi Fẹ́hìntọ́lá. Aya rẹ̀.”

“Orímisàn. Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́?”

“Rárá.”

Ilẹ̀kùn kò mira.

Ó rò pé kò gbọ́ ni. “Mo ní rárá.”

“Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́?”

“Bàbá,” ni Ìbídùnní wí lẹ́yìn rẹ̀, “ìbéèrè tí òfin fi sí ẹnu ọ̀nà yìí nìyẹn. Wọ́n ti mú ènìyàn wá rí tí ẹbí fipá mú, wọ́n ti mú ẹni tó ti mutí yó wá, gbogbo wọn ń sọ pé ẹ̀rù kò ba àwọn. Ẹni tí ẹ̀rù kò bá bà, òfin gbà pé kò tíì gbọ́ ohun tí a sọ fún un. A kì í gé e.”

“Ó ń gbọ́ ọkàn mi láti àtẹ́lẹwọ́ mi, àbí kò gbọ́?”

“Ó ń gbọ́.”

“Kí ló tún ń bi mí sí?”

“Ẹnu yín ni ó fẹ́.”

Àwọn aṣọ́gìrì kì í sọ gbólóhùn yẹn. Kì í ṣe pé wọn kò ní in nínú. Ẹni tó bá sọ ọ́ ní ìdí omi, wọn kì í fún un ní okùn dì mú mọ́, nítorí ojo a máa fa ẹnìkejì rẹ̀ rì. Kò sọ ọ́ nígbà tí ògiri ya lé e lórí. Kò sọ ọ́ níbi òkú Ọ̀rẹ́tàn. Nílé, tí ó bá ń sọ bí nǹkan ti rí lábẹ́ omi, bí ìtàn ẹlòmíràn ni ó máa ń sọ ọ́, Fẹ́hìntọ́lá a sì máa gbọ́ ọ bí ìtàn ẹlòmíràn.

Fèrè kẹ́yìn dún. Ẹ̀rọ ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

“Mo lè jáde,” ni Fẹ́hìntọ́lá wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

“Ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ wà,” ni dókítà wí.

“Mo lè kọ ẹ̀yìn, nígbà náà.” Ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó kọjú sí ògiri funfun, ó ká ọwọ́ mọ́yà, gèlè rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti ìgbà tí ó ti fà á dìde lórí pátákó. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Orímisàn wo èjìká náà.

“Yí padà,” ni ó wí.

Ó yí padà.

“Ẹ̀rù ń bà mí.”

Ohùn náà kéré, ó jáde bí ohùn ọmọdé. Ẹnu rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ó tún un sọ kí ó lè dára díẹ̀, kò dára, ṣùgbọ́n ó pọ̀ sí i.

“Ẹ̀rù ń bà mí, Fẹ́hìntọ́lá. Ibi tí wọ́n ti máa dà mí sí ẹ̀gbẹ́ yẹn, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí pé n óò wá okùn, n kò ní rí i. Ó ti ń bà mí láti ọdún tó kọjá. Ó ń bà mí tí mo bá ń so òkúta. Ó ń bà mí tí ilẹ̀ bá ti ṣú, mo ń díbọ́n pé mo ti sùn…”

Fẹ́hìntọ́lá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ kejì mú, èyí tí kò sí lórí ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í. Kò pa á lẹ́nu mọ́.

Ilẹ̀kùn ti ṣí tipẹ́. Orímisàn ṣì ń sọ ọ́.